Ẹgbẹ́ Apín-Oògùn-Dọ́gba

Iṣẹ́ Àǹtí Ohùn ni kí ó máa kéde ọkọ̀ ojú irin. Inú yàrá kékeré onígíláàsì kan tó kọjú sí pèpéle ni ó máa ń jókòó sí, gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, tí yóò máa sọ fún àwọn èrò nípa ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Ohùn náà dùn débi pé àwọn tí kò ní ibì kankan í lọ máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọdún burúkú kan ni ohùn náà há. Ó há, ó wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀. Àǹtí Ohùn á tẹ bọ́tìnnì, á ní, "Ẹ̀yin... èrò... wa... ọkọ̀... àárọ̀..." Kí ó tó dé orí ìlú tí ọkọ̀ náà ń lọ, ọkọ̀ ti dé, ó ti kó èrò, ó ti fọn fèrè, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù lórí pèpéle á wá gbọ́ ọ ketekete pé ọkọ̀ tí wọ́n ń wo ìdí rẹ̀ lọ yẹn ti fẹ́ wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ lọ gbéyàwó lọ́jọ́ náà, òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọ̀gá ibùdó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi yín sídìí ọkọ̀ ẹrù ná." Ọkọ̀ ẹrù kì í kó èrò, ta ni yóò wá pẹ́ sí i? Bí Àǹtí Ohùn ṣe di ẹni tó ń kéde fún màlúù àti pákó nìyẹn. Màlúù kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí ohùn náà kò bá padà bọ̀ sípò kí ọdún tó yí, yàrá ẹrù tó sọnù ni òun yóò fi í sí, níbi tí wọ́n ń kó àpótí àti agboòrùn tí àwọn èrò gbàgbé sínú ọkọ̀ sí. Àǹtí Ohùn sunkún lọ́jọ́ náà, ó sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú ju bí àìsàn ti ṣe wú u lọ. Ẹni tí Ọlọ́run dá ohùn fún, tí ó fi ohùn náà jẹun láti kékeré, ẹ sọ fún un pé kó lọ máa ṣọ́ agboòrùn! Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi awò kékeré há ojú kan. Bí ó bá bi ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ bóyá yóò mu tíì, ìdáhùn á bá a nígbà tó bá ti lọ sí ìsọ̀, tó ti ṣiṣẹ́, tó sì ti padà wá jẹun ọ̀sán. Nínú oòrùn gangan, ẹ̀wù òtútù méjì ló máa ń wà lọ́rùn obìnrin náà. Ó lè sùn lórí ìdúró. Ó lè sùn láàárín ọ̀rọ̀, kó sì jí bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"Ìyá wọn," ni ọkọ náà wí lọ́jọ́ kan, "bó bá jẹ́ aago ni ọ́, ǹ bá ti ṣí ọ lẹ́yìn wò."

Nígbà tí ìdáhùn fi máa dé, òun alára ti gbàgbé ohun tó sọ.

Ó mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, tíńrín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kan ilẹ̀ bó bá ń rìn. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn Àǹtí Ohùn, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì pè wọ́n jókòó.

"Mà, kókó kan wà ní ọ̀fun wa níbí, ó rí bí labalábá tó la ìyẹ́. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yẹn ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù dáadáa, fún ara pé kó móoru, fún ọpọlọ pé kó jí. Tiyín ti sùn lọ ni."

"Ẹ... jí... i," ni Àǹtí Ohùn wí. Dókítà ti kọ oògùn tán, ó ti pe aláìsàn mìíràn wọlé, kí ọ̀rọ̀ náà tó parí lẹ́nu rẹ̀.

Oògùn tí gbogbo ayé ń lò fún irú àìsàn yìí, tí ó ń ṣe bẹbẹ lára àwọn ẹlòmíràn, kò ṣe ju pé ó la kókó náà lójú kan, ó sì tún pa ojú náà dé. Dókítà ní àwọn kan wà tí ara wọn rí bẹ́ẹ̀. Nítorí wọn ni òun ṣe ń ṣe ìwádìí lórí hóró oògùn tuntun kan tí wọn yóò máa lò mọ́ ti àtijọ́. Ṣé wọ́n á bá òun ṣe é? Ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí Ohùn náà ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n délé.

Ẹ ò bá wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwádìí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ péjọ! Oòrùn ń ta gbaragada lóde, ẹ̀wù òtútù ló wà lọ́rùn gbogbo wọn. Wọ́n ti fi ohùn kan pa fáànù òkè, nọ́ọ̀sì nìkan ló ń làágùn. Bí nọ́ọ̀sì bá pe ẹnì kan, á kọ́kọ́ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn ná, nítorí ó ti mọ̀ pé ìgbà tí òun bá fi padà dé, onítọ̀hún á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ọwọ́ lé orúnkún láti dìde ni. Ẹni méjì kí ara wọn ní "ẹ káàárọ̀", nígbà tí èkejì dáhùn, "ẹ káàsán" ló yẹ kó jẹ́.

Onígbàjámọ̀ kan ló jókòó ti Àǹtí Ohùn. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ ti já tán, irun òkè ojú rẹ̀ sì ti ku ìdajì.

"Àǹtí," ni ó wí, "àwọn oníbàárà mi ti sá lọ. Wọ́n ní ta ni yóò gbé orí fún onígbàjámọ̀ tí kò rí tirẹ̀ tọ́jú. Bàbá kan ṣoṣo ló dúró tì mí. Tí mo bá fá apá ọ̀tún fún wọn, kí n tó dé apá òsì, ti ọ̀tún ti hù padà."

Àǹtí Ohùn rẹ́rìn-ín. Ó kàn ṣeni láàánú pé ìgbà tí ẹ̀rín náà fi máa jáde, onígbàjámọ̀ ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ikú ìyá rẹ̀.

Ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé àtijọ́ ni, ọkùnrin oníkùn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ tẹ́lẹ̀, àìsàn sì wá fún un ní àyè láti máa sọ ọ́ pẹ́. Kò sí ìpéjọpọ̀ tó lè bá láìyàn ara rẹ̀ ní alága. Kí nọ́ọ̀sì tó pín omi fún wọn lọ́jọ́ náà, Alága ni gbogbo ènìyàn ti ń pè é.

Dókítà jáde sí wọn, ó dúró ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdajì yín ló máa gba oògùn gidi. Ìdajì tó kù máa gba ẹfun lásán, tí a rọ bí oògùn. Ìgò rí bákan náà, hóró rí bákan náà. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ gègé. Èmi alára ò mọ ẹni tó gba èwo, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀. Bí ìwádìí ṣe máa ń rí nìyẹn. A máa fi ara ẹni tó gba oògùn wé ara ẹni tí kò gbà, ká lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ibi tí Dókítà ti ṣì í ni pé ó sọ ọ́ tán, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ fún àwọn àgbàlagbà pé ìdajì wọn yóò jẹ, ìdajì yóò máa wòran, kò yẹ kó fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Alága ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbà á ní àkókò, ṣùgbọ́n ó dìde.

"Ẹ gbọ́... ohun tí... ọmọ yẹn sọ?" ni ó bi wọ́n. "Ta ni nínú wa... ló fẹ́ máa... jẹ ẹfun?"

Kò sí ẹni tó fẹ́.

"Ó dáa. Ta ni... ló fẹ́ máa jẹ oògùn... kí ẹnì kejì rẹ̀... máa jẹ ẹfun lójú rẹ̀?"

Èyí ló wá le jù. Onígbàjámọ̀ wo Àǹtí Ohùn, Àǹtí Ohùn wo ilẹ̀. Ojú ti gbogbo wọn bí ẹni pé wọ́n ti jí nǹkan jẹ. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní, ni Alága wí, wọ́n sì kan sáárá sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sinmi láàárín. Bí Ẹgbẹ́ Apín-Oògùn-Dọ́gba ṣe dá sílẹ̀ nìyẹn, nínú ilé ìwádìí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹni tó ń ṣe ìwádìí.

Ètò ẹgbẹ́ náà kò le rárá. Ìgbàkígbà tí nọ́ọ̀sì bá ti pín ìgò tán, wọ́n á da gbogbo hóró jọ sínú abọ́ tánganran ńlá kan tí Alága ń gbé wá lábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n yàn pé kó máa pò ó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ sí ohun tó bá kan orí ènìyàn. Á pò ó yí ká bí ẹni ń po sìmẹ́ńtì. Ẹnì kan dìde lọ́jọ́ kan pé pípò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, pé ẹfun fúyẹ́ ju oògùn lọ, ó sì lè máa léfòó sókè. Wọ́n jiyàn lórí èyí títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n wá gbà pé kí wọ́n máa pò ó láti òkè wá sísàlẹ̀, kí wọ́n tún pò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n fún oníkálukú, ojú gbogbo wọn kò sì ní kúrò lára ìdérí náà.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ bí nǹkan ṣe ń dún ṣaraṣara, ó yọ orí.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Àdúrà... ni," ni Alága wí.

"Àmín o," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dé ìdajì. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fá apá méjèèjì tán kí ti ọ̀tún tó hù, bí kò bá jẹ́ orí ẹni tí irun rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú Alága bẹ̀rẹ̀ sí í parí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ohùn bọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ méjì. Ohùn rẹ̀ là díẹ̀. Ó lè dárúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ nísinsìnyí nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu pèpéle, tí ẹni tó bá lè sáré ṣì lè fò mọ́ ọn. Ọ̀gá ibùdó dán an wò, ó sì gbé ọkọ̀ ọ̀sán lé e lọ́wọ́, ọkọ̀ arúgbó kan tó máa ń sinmi kó tó gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá yóò mu tíì.

"Mà á mu... Bàbá wọn. Ẹ fi ṣúgà sí i."

Kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì di ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ti rò pé ìyàwó òun ti lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́.

Nígbà tí ìwádìí parí, Dókítà pe gbogbo wọn jọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò dà bí ẹni tó sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló ń rìn jẹ́jẹ́.

"Ara gbogbo yín ti yá díẹ̀," ni ó wí, "inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n a ti ṣí kọ̀ǹpútà, a ti wo ẹni tó gba oògùn àti ẹni tó gba ẹfun. Ẹ̀yin tí ẹ gba oògùn, ara yín yá. Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹfun, ara yín yá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Alága dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. "Dọ́gba!" ni ó kígbe. "Dọ́gba!" ni àwọn yòókù fi gbè é. Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Dókítà ń wò wọ́n. "Kò yé yín," ni ó wí. "Ohun tó túmọ̀ sí ni pé oògùn náà ò sàn ju ẹfun lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹfun náà máa yá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ti ní àwọn ò ṣe é mọ́, ìyókù tó wà nílẹ̀ ni wọn á dà nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àwọn ìgò yín sílẹ̀ bí ẹ bá ń lọ."

Àǹtí Ohùn rí bí yóò ti rí: ẹ̀wù òtútù kejì yóò padà sọ́rùn òun, ọkọ̀ ọ̀sán yóò bọ́ lọ́wọ́ òun, ọkọ òun yóò tún máa di kẹ́tùlù mú títí tí apá yóò fi máa ro ó. Ó wo Alága. Alága ń wo òkè àjà bí ẹni pé fáànù ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti búra pé kò sí ẹni tí yóò tú àṣírí, nítorí ẹni tí wọ́n bá mú, lílé ni wọn yóò lé e. Ta ni yóò sì kó ara rẹ̀ síta ní àwùjọ? Àǹtí Ohùn kò rò ó pẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á ju ìtìjú lọ.

"Dókítà," ni ó wí, "a pín in."

"Ẹ pín kí ni, mà?"

"Oògùn. A ń dà á pọ̀... sínú abọ́. A ń pò ó. A wá pín in... dọ́gba."

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí," ni Alága wí, "kò tí ì gba àyè lọ́wọ́ alága."

Nọ́ọ̀sì la ẹnu sílẹ̀. "Àdúrà yẹn?"

"Àdúrà yẹn ni."

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó yí padà. Àǹtí Ohùn dìde lọ bá a, ó jókòó tì í.

"Ọmọ mi, má bínú. Ìwọ lo sọ pé... ìdajì wa kò ní ní. Báwo la ṣe fẹ́ máa wojú ara wa?"

"Àǹtí, mo fẹ́ kí ìdajì má ní, kí gbogbo ayé lè ní!" ni Dókítà wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ọ̀ràn yìí ni? Nínú ilé, nínú ìsọ̀, àwọn ẹni bíi tiyín ń bẹ níbi gbogbo tí wọ́n ń sùn lórí ìdúró. Tí kò bá sí ẹni tó jẹ ẹfun, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé oògùn ni oògùn? Ẹni tó ń jẹ ẹfun yẹn gan-an ló ń bá mi ṣiṣẹ́ jù."

Kò sí ẹni tó ti sọ ọ́ báyẹn fún wọn rí. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, bóyá abọ́ tánganran ì bá wà ní ilé ìdáná Alága títí dòní.

Àwọn tó ń ṣe oògùn náà lé Dókítà láti ọ̀fíìsì dé ọ̀fíìsì, ó bẹ ẹni tó yẹ ní bíbẹ̀, wọ́n sì gbà kí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó máa lọ. Ẹni tó bá dúró, oníkálukú pẹ̀lú ìgò tirẹ̀, kí ó gbé e mì nílé ara rẹ̀. Bí oògùn bá sì fi ara hàn ní oògùn, àwọn tó jẹ ẹfun ni wọn yóò kọ́kọ́ fún. Kò sí ẹni tó lọ. Alága kéde pé ẹgbẹ́ kò tú ká o, ìsinmi lásán ni ó lọ. Kọ̀ǹpútà tún ṣẹ́ gègé.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Ohùn fi mọ̀. Ara ẹni kì í purọ́ fún ẹni. Ó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù òtútù kejì, ó ní afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láàárín orúkọ ìlú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ arúgbó yẹn gan-an gbéra, ó lọ, ó dé ibi tó ń lọ, kí Àǹtí Ohùn tó kéde rẹ̀ tán. Ọ̀gá ibùdó gbé iṣẹ́ náà fún ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi páànù, ó sì mú Àǹtí Ohùn lọ sí yàrá ẹrù tó sọnù. Ó dun obìnrin náà dé egungun, kò sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Agboòrùn ló kún ibẹ̀, àti àpótí, àti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, àti eyín àtọwọ́dá kan tí ẹni tó ni ín kò wá béèrè, nítorí bóyá kò rí ẹnu béèrè. Ẹni tó bá wá gba agboòrùn, òjò á ti dá kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Nílé, ọkọ rẹ̀ dá ọgbọ́n kan. Alẹ́ ni ó ń béèrè tíì àárọ̀ báyìí, kí ìdáhùn lè bá omi gbígbóná.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni onígbàjámọ̀ já wọ ibẹ̀. Ó já wọlé ni o, kì í ṣe pé ó rìn. Irun òkè ojú rẹ̀ ti kún, ó dúdú kirikiri, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó ti wo gbogbo agboòrùn tó wà níbẹ̀ tán kí Àǹtí Ohùn tó gbé ojú sókè.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o! Àdúgbò ti padà sọ́dọ̀ mi. Kódà àwọn tí ò nírun ń wá jókòó, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo ọwọ́ mi ni..." Ó ti rí ojú wíwú náà àti ẹ̀wù òtútù méjì. "Háà. Ẹfun ni tiyín."

Àǹtí Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mú hóró kan jáde láti inú bébà tó ká sápò. "Tèmi ti òní nìyí. Ẹ gbà á. Ẹ̀yin lónìí, èmi lọ́la, bá a ṣe máa ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àǹtí, mi ò lè máa jẹ ẹ́ kí ẹ wà nínú ihò yìí. Kì í lọ lọ́fun mi."

Àǹtí Ohùn na ọwọ́, ó gbà á. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ débi pé itọ́ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lóde, ọmọbìnrin olóhùn páànù ń kéde ọkọ̀, ó ṣi orúkọ ìlú pè, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú gbohùngbohùn. Hóró náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí Ohùn, ó kéré, ó funfun, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìgò tirẹ̀. Bó bá gbé e mì, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ sí ilé ìwádìí, ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì purọ́ fún ọmọ tíńrín yẹn.

"Bí... mo... bá... gbé... e... mì," ni ó wí, "a... tún... ti... dọ́gba... nìyẹn."

Onígbàjámọ̀, tí ara rẹ̀ kò gbà kó dúró mọ́, dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, ṣùgbọ́n ó dúró de ọ̀rọ̀ náà títí ó fi pé.

Àǹtí Ohùn gbé hóró náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ onígbàjámọ̀. Ó bu omi sínú ife, ó tì í síwájú rẹ̀.

"Gbé... e... mì."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Lójú... mi."

Ó gbé e mì, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àǹtí Ohùn gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ìgò tirẹ̀, ó sì fi ìyókù omi náà gbé ẹfun rẹ̀ mì.